Henry Carr: Ẹni Tí Ìwé Ilé Rẹ̀ Di Ogún Gbogbo Wa

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Mowe, Ibafo àti Ifo, ọ̀nà ńlá méjì ni ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn, àwọn méjèèjì sì gba ilẹ̀ yín kọjá. Ọ̀kan ni ojú irin àtijọ́ tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní ọdún 1896, tí ó gba Ifo lọ sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Èkejì ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó ti ń gba Ibafo àti Mowe kọjá láti ọdún 1978. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gba ojú ọ̀nà wọ̀nyí lọ sí Ìbàdàn, àwọn tí ó bá sì dé Yunifásítì Ìbàdàn nínú wọn yóò wọ ilé-ìkàwé ńlá tí a fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike pè. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò béèrè ibi tí àwọn ìwé àkọ́kọ́ inú ilé náà ti wá. Ẹni tí ó bá béèrè yóò gbọ́ orúkọ Henry Carr. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí.

A mọ̀ pé ọmọ Èkó ni Carr. Síbẹ̀, ogún tí ó fi sílẹ̀ kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ìtàn Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ tàbí Yewa nínú ìwé àtijọ́, bó pẹ́ bó yá, yóò dé ilé-ìkàwé tí ìwé Carr wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdí kejì tí a fi mú ìtàn yìí wá súnmọ́ yín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ó kọ́ ilé sí àgbègbè wọ̀nyí láti bí ogún ọdún wá ni ó kó ẹrù láti Èkó. Ẹni tí ó bá sì ti kó ẹrù rí mọ̀ pé ìwé wúwo, àti pé òun ni ó máa ń wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀. Ìtàn ẹni tí kò fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ni èyí, àti ìtàn ohun tí ó ti inú ìwé wọ̀nyí jáde.

Ọmọ Sàró ní Olówógbowó

Ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1863 ni a bí Henry Carr ní Èkó. Ọdún méjì péré ni Gẹ̀ẹ́sì tíì fi gba Èkó di tiwọn nígbà náà. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí a ń pè ní Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone. Nígbà tí ó ṣe, àwọn kan nínú wọn àti nínú àwọn ọmọ wọn padà sí ilẹ̀ baba wọn. Àwọn kan dúró ní Èkó, àwọn mìíràn sì lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n padà dé pẹ̀lú ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà. Ní àdúgbò Olówógbowó, níbi tí àwọn Sàró pọ̀ sí ní Èkó, ni Carr ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lọ́dọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí nígbà èwe rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè ẹ̀kọ́ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú mìíràn. Carr lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti wà lábẹ́ Yunifásítì Durham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1876. Ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó kọ́. Ní ọdún 1882, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó gba oyè rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i nínú ìmọ̀ òfin, iṣẹ́ olùkọ́ àti sáyẹ́ǹsì.

Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú ńlá ni, ó kún fún ilé-ìkàwé tí ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí lè wọ̀, kí ó jókòó, kí ó sì béèrè fún ìwé tí a ti tẹ̀ kí a tó bí baba ńlá rẹ̀. Ní ìlú tirẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé ní láti fi owó ara rẹ̀ rà á. Nígbà tí Carr padà sí Èkó ní ọdún 1885, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì kò lè ṣàjèjì sí i.

Olùkọ́ tí ó di òṣìṣẹ́ ọba

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó ṣe nílé ni iṣẹ́ olùkọ́ ní CMS Grammar School, Èkó. Alùfáà Thomas Babington Macaulay ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di orúkọ Macaulay yìí mú, nítorí a ó tún padà sí i. Carr kọ́ni níbẹ̀ títí di ọdún 1889, lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ ọba.

Iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ni ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀. Láyé ọjọ́un, ìjọ Ọlọ́run ni ó ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba kàn ń fi owó díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Alábẹ̀wò ni yóò lọ wo bí a ti ń kọ́ni, yóò dán àwọn ọmọ wò, yóò sì kọ ìròyìn tí ìjọba yóò fi mọ iye owó tí ó tọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. A mọ Carr sí ẹni tí kì í fi ojú fo àṣìṣe. Ó gbà pé ẹ̀kọ́ yẹ kí ó dára fún gbogbo ọmọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí ọmọ Mùsùlùmí, ó sì rò pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi gbogbo ẹrù ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn àjíyìnrere nìkan. Ó wà lára àwọn tí ìmọ̀ràn wọn mú kí ìjọba dá King's College sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1909, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìjọba fúnra rẹ̀ ni, tí kò sì sí lábẹ́ ìjọ kankan.

Nínú iṣẹ́ ọba, Carr ń gòkè títí ó fi dé ibi tí ọwọ́ aláwọ̀ dúdú kì í sábà tó. Ó di ọ̀gá àgbà fún ètò ẹ̀kọ́ ní Èkó. Ní ọdún 1918, wọ́n fi í ṣe Resident fún Èkó, ìyẹn ni pé òun ni aṣojú ìjọba tí ó ń bojú tó ọ̀ràn ìlú lábẹ́ Gómìnà. Oyìnbó ni a máa ń fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé nígbà náà rí i, wọ́n sì mọ̀ pé ìmọ̀ ìwé lè gbé ọmọ ẹni tí a ti kó lẹ́rú rí dé ibi tí àwọn òbí rẹ̀ kò lè fọkàn rò.

Ìjà tí kò tán títí di ọjọ́ ikú

Ṣùgbọ́n ipò yìí kan náà ni ó mú wàhálà bá a. Èkó ń gbóná nígbà tí Carr di Resident. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó omi ẹ̀rọ kò tíì kúrò lọ́kàn ará ìlú, ìjà ọ̀rọ̀ sì wà láàárín ìjọba àti Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣúgbàyí, Ọba Èkó. Ẹni tí ó dúró ti Ọba náà gbọn-in ni Herbert Macaulay. Ọmọ Alùfáà Macaulay tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tí Carr ti kọ́ni sílẹ̀ ni, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì ni pẹ̀lú. Ọdún 1864 ni a bí i, ọdún kan lẹ́yìn Carr. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Sàró, wọ́n jọ dàgbà ní Èkó, wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ojú ọ̀nà wọn kò pàdé.

Macaulay gbà pé ìjọba amúnisìn ń fi ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ dù wọ́n, ó sì fi ìwé ìròyìn, ìpàdé ìlú àti ilé-ẹjọ́ bá a jà. Ní ọdún 1920, ó tẹ̀lé Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ sì ṣe ní ọdún 1921 gba ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ wọlé. Carr ní tirẹ̀ gbà pé inú ìjọba ni ẹni tí ó kàwé ti lè ṣe ìlú lóore, àti pé ẹ̀kọ́ àti sùúrù ni yóò gbé ènìyàn dúdú ga, ariwo òṣèlú kò lè ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba fẹjú mọ́ Ẹlẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yìn ìjọba ni Carr wà. Ọ̀pọ̀ ará Èkó kò dárí èyí jì í. Ní ọdún 1923, Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian National Democratic Party sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde láti fi béèrè pé kí Carr kúrò lórí oyè. Ọdún 1924 yìí náà ni Carr fi ipò Resident sílẹ̀.

A kò kọ èyí láti dá ẹjọ́ láàárín àwọn àgbà méjèèjì. Ìtàn ti fi hàn pé ohun tí Macaulay ń bá jà tọ́ sí ìjà: ìjọba lé Ẹlẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1925, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn, ó padà sílé ní ọdún 1931 pẹ̀lú ìdùnnú ará ìlú. Ẹni tí ó bá sọ pé Carr súnmọ́ oyìnbó jù kò parọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá sì sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ lóore, òun náà kò parọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Carr tún padà sí ìgbìmọ̀ aṣòfin gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìjọba yàn, ó sì tún ń ran ìjọ Áńgílíkà lọ́wọ́. Síbẹ̀, ariwo tí ó yí i ká nígbà tí ó wà lórí oyè kò tíì lọ kúrò lára orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ìwé ẹgbàá mẹ́sàn-án

Ní gbogbo àkókò tí à ń wí yìí, ohun kan wà tí Carr ń ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí. Ó ń ra ìwé. Owó oṣù rẹ̀ ni ó fi ń rà á, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn sì ti ń wá nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó rà á nígbà tí ó jẹ́ olùkọ́, ó rà á nígbà tí ó jẹ́ alábẹ̀wò, kò sì dá a dúró nígbà tí ó di ẹni ńlá. Nígbà tí yóò fi kú ní ọdún 1945, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ìwé tí ó wà nínú ilé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ẹgbàá mẹ́sàn-án nìyẹn. Ó ṣòro láti rí ilé aládàáni mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìgbà náà tí ó ní irú rẹ̀.

Kí á lè mọ bí èyí ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ìṣirò ni Carr fúnra rẹ̀ kọ́. Bí ènìyàn bá ń ka ìwé kan lójoojúmọ́ láìsinmi, yóò lo ohun tí ó ju ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lọ kí ó tó parí ìwé 18,000. Bí a bá tò wọ́n sórí pẹpẹ, tí a bá sì ka ìwé kọ̀ọ̀kan sí ìnípọn ìka méjì, ìlà wọn yóò gùn ju ìdajì kìlómítà lọ. Gbogbo èyí wà nínú ilé ẹnìkan, ní ìlú tí ooru àti ọ̀rinrin ti ń ba ìwé jẹ́, tí ikán àti kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá tọ́jú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ìbéèrè kan ni ó kù nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìwé? A mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé òkú ní ilẹ̀ wa. A ó pín aṣọ, a ó pín ilẹ̀, a ó pín àga. Ìwé ni a ó kó sí abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí sí yàrá ẹ̀yìn, títí òjò yóò fi rọ̀ sí i, tàbí títí ẹnìkan yóò fi kó o fún alákàrà àti ẹlẹ́pà. Bí ìwé Carr bá gba ọ̀nà yìí lọ, a kì bá tí máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Àkókò ni ó bá a ṣe é. Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ nígbà tí ó kú, ìjọba sì ti ń gbèrò láti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ńlá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò sì lè dúró láìsí ìwé. Ìjọba ra ìwé Carr, nígbà tí University College sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, wọ́n kó o lọ síbẹ̀. Ìwé tí ó ti wà ní ìkáwọ́ ẹnìkan ní Èkó di ti gbogbo ènìyàn.

Láti Ẹlẹ́yẹlé dé ilé ńlá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní University College, púpọ̀ nínú wọn sì wá láti Higher College, Yábàá. Àwọn ilé tí àwọn ọmọ ogun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun, ní Ẹlẹ́yẹlé, ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìkàwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ó ti Yábàá wá wà níbẹ̀, ìwé Carr sì kún un. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé àkọ́kọ́ ni John Harris, ẹni tí ó ti New Zealand wá, tí ó lo nǹkan bí ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n kó lọ sí ilé tí a ń rí lónìí, èyí tí àwọn ayàwòrán ilé Maxwell Fry àti Jane Drew yà. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí i pé ara ilé náà kún fún ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí oòrùn kò sì lè gbà jó ìwé. Wọ́n ro ti ìwé kí wọ́n tó ro ti ẹwà.

Ní ọdún 1950, ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn tí ó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé Ìbàdàn. Òfin yìí sọ ọ́ di ibi tí ìrántí orílẹ̀-èdè ń kó jọ sí. Àtẹ̀jáde ilé-ìtẹ̀wé ńláńlá dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé pẹlẹbẹ tí ọkùnrin kan tẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àdúgbò kékeré.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé-ìkàwé méjì. Èyí tí a mọ̀ jù ni ilé-ìkàwé tí ọmọdé àti àgbà ti ń yá ìwé lọ sílé, irú èyí tí a fi orúkọ Olóyè Simeon Adébọ̀ pè ní Abẹ́òkúta sì súnmọ́ wa jùlọ. Èkejì ni ilé-ìkàwé ìwádìí. Níbẹ̀, ìwé tí ó ṣọ̀wọ́n kì í jáde kúrò nínú ilé. Ẹni tí ó fẹ́ kà á yóò wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé atọ́ka, yóò kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ yóò lọ gbé e wá láti orí pẹpẹ, òǹkàwé yóò sì jókòó tì í níbẹ̀ títí yóò fi parí. Kì í ṣe pé wọ́n fi ahun ṣe é. Bí ẹ̀dà kan ṣoṣo bá ni ó kù láyé, ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù ti sọ ọ́ nù fún gbogbo ayé.

Ohun tí ó wà nínú ilé-ìkàwé yìí ti kọjá ìwé títẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ wà níbẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn Èkó àtijọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lára wọn ni ìwé Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ Olúwa ní Abẹ́òkúta rí. Ọmọ Ifo tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa Olóyè Isaac Olúwọlé Délànọ̀, tí a bí ní Òkènlà ní ọdún 1904, tí ó kọ Atúmọ̀ Èdè Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1958, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni yóò gbà lọ. Ọmọ tí ó ń kọ ìwé àṣekágbá lórí ojú irin tí ó gba ìlú wa kọjá, irú ibẹ̀ ni yóò ti rí ìròyìn àtijọ́.

Èyí tí ó sì yẹ kí á rántí jù lọ ni pé ìwé Herbert Macaulay wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Macaulay kú ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1946, ọdún kan lẹ́yìn Carr. Lẹ́tà rẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìwé tí ó fi bá ìjọba jà di ohun ìpamọ́ ní ilé-ìkàwé Ìbàdàn. Báyìí ni àwọn àgbà méjì tí kò gbà fún ara wọn láyé wá di ará ilé kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa ìjà wọn lè jókòó sórí àga kan, kí ó gbọ́ ti ọ̀tún, kí ó sì gbọ́ ti òsì. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù, ẹjọ́ apá kan ni à bá máa gbọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà.

Ohun tí ó kàn wá

Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí Yunifásítì Ìbàdàn, ni ilé náà ń jẹ́ lónìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Dike ni ó ṣe agbátẹrù Ilé Ìfìwépamọ́ ti orílẹ̀-èdè wa ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ó rí i pé ìwé ìjọba àtijọ́ ń bàjẹ́ káàkiri. Ṣùgbọ́n kí Dike tó dé, ẹnìkan ti kó ìwé jọ láìmọ ẹni tí yóò kà á. Oyè Resident tí Carr jẹ ti parẹ́ pẹ̀lú ìjọba tí ó fi í jẹ. Gbogbo ọlá tí ipò náà fún un ti di ìtàn. Ìwé rẹ̀ nìkan ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ará Mowe, Ibafo àti Ifo, a kò ní kí olúkúlùkù lọ ra ìwé ẹgbàá mẹ́sàn-án. Ọwọ́ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun tí ẹ kọ́, àpótí baba tàbí ti ìyá kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Nínú rẹ̀ ni ìwé ilẹ̀, ìwé ìrìbọmi, ìwé ẹgbẹ́, lẹ́tà tí wọ́n kọ láti òkè òkun, fọ́tò tí a kọ orúkọ sí lẹ́yìn, àti ìwé àkọsílẹ̀ oníṣòwò tí ó ń kó ẹrù wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ifo. Ní àwọn àdúgbò wa tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, omi lè wọlé ní òru kan kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí ara fọ́tò nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ fi aṣọ tó gbẹ bò ó, ẹ jìnnà sí òróró àti oòrùn. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó kan ìlú, ẹ jẹ́ kí ilé-ìkàwé tàbí ilé ìfìwépamọ́ tí ó súnmọ́ yín mọ̀ pé ó wà, kí ẹ tó fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́pà.

Ẹ sì mú àwọn ọmọ dání lọ sí ilé-ìkàwé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò mọ iyì ìwé ni yóò da àpótí baba rẹ̀ nù. Ẹni tí ó bá ń ti Mowe tàbí Ifo lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, tí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì gbé e dé ilé-ìkàwé náà, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú bóyá ìwé kan wà tí ó ti ilé Henry Carr wá. Kí ó ṣí i, kí ó sì kà á. Òun gan-an ni ẹni tí Carr kò mọ̀, tí ó sì ra ìwé náà dè.